Ìjókòó Kan, Èrò Méjì

Iṣẹ́ kíkọ́ ìkànnì ayélujára ni mo fi ń jẹun fún ọdún mélòó kan ní Igbókòdá kí n tó yà kúrò nídìí rẹ̀. Yàrá kan tí mo gbà lẹ́yìn ọjà, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí èbúté, ni ọ́fíìsì mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀. Màá gbé lápútọ́ọ̀pù mi sórí tábìlì, màá so ó mọ́ bátìrì sólà, màá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kọ́ ìkànnì fún ilé ẹ̀kọ́, mo kọ́ fún hòtẹ́ẹ̀lì, mo kọ́ fún ìjọ kan tó fẹ́ kí àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní ìlú òkèèrè máa gbọ́ ìwàásù.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ní ìwà kan tí n kò kà sí nǹkankan. Bí mo bá kọ́ ìkànnì tán, n kì í lè fà á lé oníbàárà lọ́wọ́ àyàfi tí mo bá kọ́kọ́ dà á láàmú dáadáa. Níbi tí wọ́n bá ní kí èèyàn kọ nọ́ńbà fóònù sí, orúkọ ẹja ni màá kọ síbẹ̀. Màá pa dátà nígbà tí ojú ìwé bá ń ṣí lọ́wọ́. Màá tẹ bọ́tìnì kan náà léraléra bí ẹni tí inú ń bí. Bí ìkànnì náà bá wá dákú, inú mi á dùn débi pé màá dìde lórí àga, màá rìn yí yàrá ká kí n tó jókòó tún un ṣe. N kò mọ̀ nígbà náà pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tí mo fi ń ṣeré yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọn.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Àkúrẹ́ ló gbà mí síṣẹ́ lẹ́yìn náà. Wọn kò ní kí n kó wá sí Àkúrẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ gan-an ló jẹ́ kí wọ́n wá ẹni tó ń gbé létí omi: áàpù tí èèyàn yóò máa fi gba ìjókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, láti Igbókòdá lọ sí àwọn abúlé apẹja, kó má tún sí pé èèyàn ń gbé ẹrù dúró sí èbúté láìmọ̀ bóyá òun á rí ọkọ̀ wọ̀. Yàtọ̀ sí ìkànnì àwọn oníbàárà wọn, èmi ni mo ń kọ́ ojú áàpù náà, ibi tí èèyàn ń rí tó sì ń tẹ̀. Ojúgbà mi kan, ọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ mú ṣáṣá, ló ń kọ apá inú lọ́hùn-ún, ibi tí áàpù ti ń ka ìjókòó tó sì ń pín in fún èrò. Ọ̀gá wa jẹ́ obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ ní Èkó kó tó padà wá sílé. Ẹnìkan tún wà, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó jẹ́ tẹ́sítà wa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gba ohun tí a bá kọ́, kó máa wá àléébù inú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ aráàlú.

Kí n má parọ́, àwa tí à ń kọ kóòdù kò ka iṣẹ́ tẹ́sítà sí iṣẹ́ gidi. Lójú wa, ó dà bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò lẹ́yìn tí ẹlòmíì ti jókòó sídìí iná sè é. Nítorí náà, nígbà tí tẹ́sítà wa fẹ́ lọ sinmi ìbímọ, tí ọ̀gá sì bi wá nínú ìpàdé orí ayélujára pé ta ni yóò bá a di iṣẹ́ náà mú, kò sí ẹni tó nawọ́ sókè. Mo ń wo ojú àwọn èèyàn lórí lápútọ́ọ̀pù, kálukú ń ṣe bí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ti lọ. Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní èmi ni mo súnmọ́ omi jù, kí wọ́n jẹ́ kí n máa fi ṣe pẹ̀lú tèmi títí yóò fi dé. Ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tí mo gbà lọ́wọ́ ìyọnu.

Ọjọ́ ọjà kan ni iṣẹ́ náà kọ́kọ́ wọ̀ mí lára. Ìyá mi ń gbé ní abúlé kan ní agbègbè Etikan, ẹja yíyan àti edé ni ó ń tà, ó sì máa ń kó wọn wá sí Igbókòdá. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nígbà tí ó tajà tán, mo gbé fóònù tí áàpù wa wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo ní kí ó fi gba ìjókòó tí yóò bá lọ sílé. N kò kọ́ ọ. Mo kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń wò ó. Epo ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà tìkọ̀tìkọ̀, kò rí ìdáhùn kankan, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó nu ìka sára aṣọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lójijì, fóònù náà dún, tíkẹ́ẹ̀tì sì ń jáde tẹ̀léra wọn, gbogbo rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀.

Ó wo ojú fóònù, ó wò mí. Ó ní, “Ṣé àwọn agbọ̀n mi náà máa jókòó ni?”

Mo dì mọ́ ọn lójú gbogbo ọjà. Ó rò pé orí mi ti dàrú. Àyà mi ń lù kìkì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi ni mo kọ́ bọ́tìnì yẹn, mo ti tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá mi láìmọye ìgbà, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yàrá mi dára tí ọwọ́ mi sì gbẹ. Mo sáré lọ sílé, mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, mo tún un ṣe kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe náà ni mo ń ronú lé lórí nígbà tí mo ń jẹun alẹ́. Ohun tí mo ń rò ni pé kí ló tún wà níbẹ̀ tí n kò tíì rí.

Láti ọjọ́ náà, n kò lè jókòó sójú kan mọ́. Mo fún àwọn èèyàn ní fóònù nínú ọkọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, lórí afárá pákó tó so ilé mọ́ ilé ní abúlé wa. Mo dán áàpù náà wò nínú òjò. Mo dán an wò nígbà tí bátìrì fẹ́ kú. Mo fún àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, mo sì rí i pé àwọ̀ tí mo fi kọ iye àyè tó kù kò hàn sí i rárá. Ohun tí mo bá rí, màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ojúgbà mi tàbí kí n tún un ṣe fúnra mi. Àwọn ìkànnì tó yẹ kí n máa kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sú mi. Òwúrọ̀ ni mo máa ń retí, kí n lè bọ́ sí èbúté.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà Etikan tí odò ti yí kọ́rọ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń pòórá pátápátá títí a ó fi jáde sí gbangba. Gbogbo wa tó ń rin ọ̀nà náà ló mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń já sí. Bí mo ṣe jókòó sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ kan ni ìbéèrè kan sọ sí mi lọ́kàn: bí ìjókòó kan ṣoṣo bá kù nínú ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́, tí èèyàn méjì tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́dọ̀ wọn bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni áàpù yóò fún?

Mo fi ọkọ̀ ìdánwò kan tí ìjókòó kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀ sórí áàpù kí a tó dé kọ́rọ́ náà. Fóònù méjì wà lọ́wọ́ mi. Mo na ọ̀kan sí awakọ̀ ojú omi náà, ẹni tí mo máa ń pè ní bọ̀ọ̀dá, tó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó rọra dín eré ọkọ̀ kù. Mo ní kí ó tẹ ibi tí mo fi hàn án nígbà tí èmi náà bá tẹ tèmi. A tẹ̀ ẹ́. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, síbẹ̀ fóònù méjèèjì ni ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: Àyè yín ti dájú.

Ayọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbá mi mú. Mo ti mú un. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, mo ti rí i, inú ọkọ̀ níbẹ̀ ni mo sì ti rí i, kì í ṣe orí tábìlì. Mo fi ẹnu mi ṣàlàyé fún bọ̀ọ̀dá, ọ̀rọ̀ ń já lu ara wọn. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó da fóònù náà padà fún mi, ó sì padà di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú.

“Àbúrò,” ó ní, “tí ẹni méjì bá gbé tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó kan wá bá mi, èmi ni wọ́n máa bá jà. Tí mo bá sì torí ìjà gbé àwọn méjèèjì, omi ló máa bá gbogbo wa jà.”

Ara mi tutù. Mo wo omi tó ń bọ́ sẹ́yìn wa.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìfilọ́lẹ̀ áàpù náà kò jìnnà mọ́. Wọ́n ti pe àwọn èèyàn pàtàkì, wọ́n ti gbé pátákó ìkéde sí èbúté. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí nínú ìpàdé, ojúgbà mi kò fara mọ́ ọn. Ó ní òun ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí áàpù má baà máa dá èrò dúró nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti pé ó ṣòro kí èèyàn méjì tẹ ìjókòó kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a ṣe ìfilọ́lẹ̀ ná, kí a tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ bí ó ṣe rí lára rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ kára lórí ibi yẹn, mo sì ti rí i tí ó ń yangàn lórí rẹ̀. Mo sọ fún un pé ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, gbogbo ará abúlé ló ń du ọkọ̀ ìkẹyìn. Ó ní mo ń sọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀gá bi mí pé, “Ṣé ó dá ọ lójú?”

Mo ní, “Ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú mi, mà.”

Ó wá lóòótọ́. N kò rò pé yóò wá. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò Àkúrẹ́ pẹ̀lú bàtà tó dára ju èbúté lọ, ó sì jẹ́wọ́ fún mi kí a tó wọ ọkọ̀ pé òun kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé òun. Ó so okùn jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó mọ́ra, ó tún un so. Ó di etí ọkọ̀ mú débi pé iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ. Obìnrin tó wà níwájú wa gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, ẹlòmíì gbé àpò gààrí, ọkọ̀ náà kún dé ibi tó yẹ kó kún dé. Nígbà tí a dé kọ́rọ́ náà, mo na fóònù kan sí i. Èmi di èkejì mú. Ìjókòó kan ló kù nínú ọkọ̀ ìdánwò tí mo ti tò sílẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ó ka ohun tí fóònù rẹ̀ kọ, ó yọjú wo tèmi. Ó wá gbé ojú sókè, ó wo gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ọmọ tó ń sùn, ó wo bí etí ọkọ̀ ṣe súnmọ́ omi tó.

“A ò ní ṣe ìfilọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí,” ó ní.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe dé báyìí ló ti ń pe Àkúrẹ́. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bá òun bẹ àwọn tí wọ́n ti pè. Àwa méjèèjì lọ sílé ìyá mi. Ìyá mi gbé púpurú, òkèlè gbágùúdá ilẹ̀ wa, àti ọbẹ̀ ẹja tútù fún un, ó jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún béèrè sí i. Ìyá mi bi mí nígbà tí ọ̀gá lọ fọwọ́ pé ṣé ẹni tó ní ilé iṣẹ́ náà nìyí tí ebi pa á tó báyìí. Mo sọ fún un pé ìbẹ̀rù omi ni kò jẹ́ kó jẹun àárọ̀.

Fún ọjọ́ díẹ̀, ojúgbà mi kò bá mi sọ̀rọ̀ ju ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ lọ. Ó dùn mí, n kò sì fi bò. Lẹ́yìn náà, ó pè mí láàárọ̀ kan, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní òun ti rí bí òun ṣe lè tún un kọ, àmọ́ òun kò fẹ́ dán an wò lórí tábìlì, òun fẹ́ rí kọ́rọ́ yẹn fúnra òun. Ó dé sí Igbókòdá pẹ̀lú lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ tó fi ọ̀rá wé nítorí omi. A wọ ọkọ̀ bọ̀ọ̀dá. Lójú ọ̀nà, ó ń bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè: bí fóònù bá kú láàárín ńkọ́, bí ẹni àkọ́kọ́ bá yí ọkàn padà ńkọ́, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé fún ẹnìkan tí kò dé fún ìkejì ńkọ́. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dá bá ara mi sọ látẹ̀yìn wá, ẹnìkan ti wá ń bá mi sọ ọ́.

Ní kọ́rọ́ náà, a tẹ fóònù méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí èyí tó sọ pé àyè ti dájú. Méjèèjì ló kọ ọ́ pé: Ẹ ní sùúrù, a kò tíì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A ń wò wọ́n. Ọkọ̀ jáde sí gbangba, atẹ́gùn òkun fẹ́ lù wá, àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọ lókè fóònù. Tèmi dún: àyè ti dájú. Tirẹ̀ dún tẹ̀lé e: ìjókòó ti tán nínú ọkọ̀ yìí, ẹ wo ọkọ̀ tó tẹ̀lé e. A pariwo débi pé ọkọ̀ mì. Àwọn èrò rò pé a jẹ tẹ́tẹ́ ni. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn wa bá wa yọ̀, ó ń kí wa kú oríire láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

A ṣe ìfilọ́lẹ̀ náà nígbà tó yá, ó lọ dáadáa. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ọ̀gá pè mí. Ó ní tẹ́sítà wa ti bímọ, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti pọ̀ ju ohun tí ẹnìkan lè dá ṣe lọ. Ó ní òun fẹ́ kí n fi kíkọ́ ìkànnì sílẹ̀, kí n wá gba iṣẹ́ àyẹ̀wò sọ́fítíwia gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mi. Ó fẹ́ máa ṣàlàyé pé kì í ṣe pé wọ́n rẹ̀ mí sílẹ̀, àmọ́ n kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí mo fi ní mo gbà. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó bà mí ni mo sọ fún un: ṣé gbogbo ohun tí mo ti kọ́ nípa kóòdù kò ní ṣòfò báyìí? Ó ní rárá o, ẹni tó ti kọ́lé rí ló mọ ibi tí ilé ti máa ń jò.

Mo lọ sọ fún ìyá mi ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ó ń to ẹja sórí àgbá ìyanja, èéfín ń yí i ká, ó fetí sí mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

“Wọ́n á máa sanwó fún ẹ pé kí o máa ba nǹkan jẹ́?” ó ní.

“Èmi kọ́ ni mò ń bà á jẹ́, Màmá. Mo ń wá ibi tó ti bàjẹ́ kí ẹlòmíì tó kó sí i ni.”

Ó yí ẹja kan padà, ó ronú sí i. “Ó bá ẹ mu,” ó ní. “Láti kékeré lo ti máa ń da èèyàn láàmú pé bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́.”

Iṣẹ́ tuntun náà kò rọrùn bí mo ṣe rò. Tẹ́sítà wa ló kọ́ mi. Yóò pọn ọmọ sẹ́yìn, yóò gbé fóònù síwájú, a ó jọ máa ṣe é. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń kọ ìròyìn àléébù tí ẹni tó máa tún un ṣe kò ní bínú kà. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ronú nípa irú èèyàn tó lè lo nǹkan, kí a tó fọwọ́ kàn án rárá. Ó tún kọ́ mi bí a ṣe ń kọ kóòdù tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa dán kóòdù mìíràn wò fúnra rẹ̀, kí ó sì figbe bọnu bí nǹkan bá yí padà. Ọjọ́ tí àkọ́kọ́ tí mo kọ ṣiṣẹ́, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń rìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí i pé ohun tí n kò mọ̀ pọ̀, èyí sì ń mú kí ara mi yá sí i ni.

Láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ tuntun mìíràn wọlé, áàpù kan tí àwọn aláìsàn yóò máa fi forúkọ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Inú ọkọ̀ ni mo wà láàárọ̀, mò ń lọ sílé ìyá mi, nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. N kò lè dúró kí n délé. Mo ṣí i, ó béèrè orúkọ mi. Mo fi ara balẹ̀ kọ ọ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi láti máa kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ àti gbogbo àmì abẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì. Áàpù náà dúró, ó funfun báláú, ó kú fin-ín-fin-ín.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó jókòó tì mí béèrè bóyá ìròyìn ayọ̀ ni mo gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé orúkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pa áàpù kan ni. Ó wò mí títí, ó sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi sì ti ń kọ ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ojúgbà mi kí a tó dé kọ́rọ́.